Rọ́bà Ìtọ̀ Bàbá Àlùfáà

Bí mo dàgbà tí gbogbo eyín mi ká, ọ̀sán Jímọ̀ kan ò ní kúrò lọ́kàn mi. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan níbí ní Tamale, ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ẹnu mi mú nígbà náà; kò sóhun tí mi ò mọ̀, lórí ìwé.

Wọ́n gbé Bàbá Àlùfáà wá láti Sagnarigu nítòsí, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, bíi tèmi. Ìtọ̀ rẹ̀ ló dí. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ìtọ̀ sì ń ṣàn sínú ọ̀rá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n máa wo ọ̀rá náà, kí n kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, bàbá rọra pè mí. Ojú ń tì í. Ó ní ṣé bí òun á ṣe máa kírun nìyí, kí ìtọ̀ máa dà lára òun? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi kílíìpù ara rọ́bà náà tì í pa, mo ní kó rántí mi nínú àdúà, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn wákàtí méjì mo padà dé, ẹ̀kán kan ò wọnú ọ̀rá. Mo ní kídìnrín bàbá ti kú nìyẹn. Mo rántí ìwé mi pé bí ìtọ̀ ò bá wá, omi lè má tó lára, ni mo bá fún un ní omi kọ́ọ̀pù kan, mo fún un ní ìkejì, mo fi ìkẹta lé e. Ó ń mu ún, ó ń súre fún mi. Nígbà tó yá, kò súre mọ́. Òógùn bò ó, ó di abẹ́ ìdodo mú. Mo fọwọ́ kàn án, ó le koko. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti pa àlùfáà! Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràmátù, bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ní kó pe àwọn ará ilé. Kò pẹ́ tí yẹ́lòyẹ́lò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kérò, mẹ́ta fi já wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Yáásín, súrà tí wọ́n ń kà fún ẹni tó ń kú lọ.

Sístà, ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù, wọlé. Ó fọwọ́ tọ rọ́bà náà láti ara bàbá wá, ó dúró níbi kílíìpù, ó wá wò mí.

"Ta ló ti èyí pa?"

Bàbá ló dáhùn, tìrora-tìrora.

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú sọ́mọ náà."

Sístà ṣí i. Ìtọ̀ dà ṣọ̀ọ̀, bàbá mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn tó ń ka Yáásín dákẹ́, gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo bú sẹ́kún.

Látọjọ́ náà, kí n tó sọ pé kídìnrín ẹnì kan ti kú, mo máa ń fọwọ́ tọ rọ́bà dópin. Bí mo bá sì ti nǹkan pa, mi ò ní kúrò níbẹ̀. Bàbá ṣì wà láyé. Tó bá rí mi ní Sagnarigu, kì í tíì kí mi tán tá á fi bi mí bóyá mo ti ṣí i. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti ṣí i.