Eré Àárọ̀ Ọ̀tún Láṣebíkan

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí, gbogbo yín lẹ máa ń sọ ọ́ pé àgbàlagbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹ ń pa òwe bí ẹni ń pa ẹ̀pà jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ẹni tó sáré ọ̀hún? Ta ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí? Ẹ ò mọ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ẹni tó bá sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, kó dìde kó máa lọ ilé rẹ̀.

Ní ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, láyé ìgbà tí ìlú ṣì ní odi tí oníbodè sì ń ṣọ́ ẹnubodè, ìjòyè kan wà tó ń jẹ́ Láṣebíkan. Òun ni Ọ̀tún Ọba. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lè ru iṣu ogójì láti oko dé ilé láìsọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìwà ara: kì í ránṣẹ́ sí ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún kan, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Lọ́dún kejì, ojú rẹ̀ ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tó di ọdún kẹta, ikùn ti yọ, ikùn ló ń kọ́kọ́ wọlé kí Láṣebíkan fúnra rẹ̀ tó wọlé. Òkèlè iyán tó sì ń jẹ ò dín ní ẹyọ kan.

Wàhálà dé lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu. Láṣebíkan dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí níwájú gbogbo ìlú. Ìdọ̀bálẹ̀ náà lọ geere. Dídìde ni kò lọ. Ó fi apá ọ̀tún tilẹ̀, kò gbé e. Ó fi apá òsì tilẹ̀, kò gbé e. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, eruku sì ń bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e dìde níkẹyìn, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ayílárá, ìjòyè ẹni ogójì ọdún tó ti ń fojú sí oyè Ọ̀tún tipẹ́tipẹ́.

Ayílárá gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ilẹ̀ ló fẹ́ràn yín."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Kábíyèsí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Láṣebíkan, bóyá ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú. Ó ní, "Ọ̀tún, ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, òkú là ń pè é. N kò lè ní òkú lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí o kò bá lè dọ̀bálẹ̀ kí o sì dá dìde, Ayílárá ni yóò jẹ oyè náà."

Oyè yìí, baba Láṣebíkan ló jẹ ẹ́, bàbá baba rẹ̀ ló sì jẹ ẹ́ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ìyàwó rẹ̀, Àyọ̀ká, ló mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá eléwé ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Ìyá náà fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó tẹ orúnkún rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ewé wà fún ibà. Ewé wà fún jẹ̀díjẹ̀dí. Kò sí ewé fún ẹni tó jẹun tán tó sùn, tó jí tó tún jẹun. Ẹ dín iyán kù, Ọ̀tún. Kí ẹ sì máa sáré láràárọ̀ títí ẹ ó fi làágùn."

"Kí n sáré? Èmi? Sáré lọ síbo?"

"Ẹ sáré lọ, kí ẹ sì sáré bọ̀."

"Kí ni n ó lọ mú wá?"

"Ẹ ò ní mú nǹkan kan wá."

Láṣebíkan wo Àyọ̀ká, Àyọ̀ká wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì gbọ́ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rántí ẹ̀rín Ayílárá, ó ní òun yóò sáré. Ó kàn kìlọ̀ fún àwọn obìnrin méjèèjì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Ojú wo ni àgbà ìjòyè yóò fi sọ fún ayé pé òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde nílẹ̀?

Àárọ̀ kìíní, ó gba ọ̀nà odò. Kò tíì lọ jìnnà tó fi pàdé àwọn obìnrin tó ń pọn omi bọ̀. Wọ́n dúró gbagidi.

Ọ̀kan pariwo pé, "Ẹ̀yin Ọ̀tún! Kí ló ń lé yín?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Láṣebíkan wí, ó sì ń sáré lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Àgbà ń sáré, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan kan. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Àwọn obìnrin náà ju ìkòkò omi sílẹ̀, wọ́n sì wọ inú igbó lọ. Ìkòkò méje ló fọ́. Láṣebíkan padà, ó dúró lẹ́bàá igbó, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáde, títí oòrùn fi mú. Kò làágùn rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀nà oko, ó rò pé ibẹ̀ á parọ́rọ́. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Akíntàjù rí i, ló bá fò jáde pẹ̀lú àdá, ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀tún, ibo ló gbà?"

"Kí ló gba ibo?"

"Ẹran náà!"

"Kò sí ẹran kankan, Akíntàjù. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Akíntàjù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má dá a jẹ o." Ó sì súfèé pe àwọn ará oko tó kù. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ajá mẹ́fà ti ń tẹ̀ lé Láṣebíkan. Wọ́n na igbó títí di ọ̀sán, wọn ò rí òkété. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan, ilé Láṣebíkan ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ní kí Àyọ̀ká ṣí ìkòkò ọbẹ̀ kí àwọn wò ó. Àyọ̀ká ṣí gbogbo ìkòkò ilé, títí kan ìkòkò aró.

Àyọ̀ká ní, "Ẹ kúkú sọ òótọ́ fún wọn, bàbá."

"Kí Ayílárá lè gbọ́? Mi ò sọ."

Báyìí ló ń bá a lọ fún oṣù méjì àbọ̀. Bó gba òkè, wọ́n á ní ilé ta ló ń jó. Bó gba ìsàlẹ̀, wọ́n á ní ta ló kú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ara ń gbọ́. Ikùn ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ti lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà rẹ̀ láìké sí Àyọ̀ká. Inú rẹ̀ ì bá dùn, bí kì í bá ṣe ẹnu àwọn èèyàn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá. Ó ní, "Àárín ọjà gan-an ni n ó gbà lónìí. Kí gbogbo ayé wò mí dáadáa. Wọ́n á rí i pé kò sí nǹkan níwájú mi, kò sì sí nǹkan lẹ́yìn mi." Ó rò pé ọgbọ́n lòun dá.

Ọjọ́ ọjà ni. Bàbá arúgbó kan tó ń ta okùn ló kọ́kọ́ rí i. Bàbá náà ò béèrè ohunkóhun. Ó ká okùn rẹ̀, ó kì í bọ abíyá, ó bẹ́ sáré. Ìyá oníyọ̀ rí olókùn tó ń sáré, ó di iyọ̀ rẹ̀. Aláṣọ rí oníyọ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ títí ó fi kan alágbẹ̀dẹ kan, òun ló là á mọ́lẹ̀ pé, "Ogun dé o!" Oníbodè gbọ́, ó ti ẹnubodè gbàgà.

Láṣebíkan bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ọjà ló rí lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ewúrẹ́ àti adìẹ.

Ó kígbe pé, "Kí ló ń lé yín?"

Wọ́n dáhùn pé, "Ohun tó ń lé yín náà ni!"

Àyà rẹ̀ já. Á jẹ́ pé nǹkan wà lóòótọ́! Kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn tó tó irinwó ò lè máa parọ́. Ó wá fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, eré tí kò sá rí láti ìgbà tó ti ń ṣe ọ̀dọ́. Ayílárá ya jáde láti ilé rẹ̀ létí ọjà, ó bọ́ agbádá sọnù, ó kọjá wọn, ó sì fo odi ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Láṣebíkan ò lọ sídìí odi. Ọ̀tún Ọba ni, ibi tí ọba wà ló gbà.

Ààfin ti ṣófo. Ẹ̀ṣọ́ ò sí, ìránṣẹ́ ò sí, àwọn olorì ti sá gba ẹ̀yìnkùlé. Láṣebíkan dúró ní àgbàlá, ó ké pé, "Kábíyèsí o!"

Ohùn kan wá láti orí igi orógbó. "Ṣé wọ́n ti lọ?"

Bí Láṣebíkan ṣe gbọ́ ohùn ọba, àṣà tó ti mọ́ ọn lára ò jẹ́ kó ronú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, ó sì fò dìde láti wá ibi tí ọba wà.

Kábíyèsí ní, "Ọ̀tún, o dìde."

"Kábíyèsí?"

"O dọ̀bálẹ̀, o sì dá dìde. Mo rí i láti òkè níbí."

Láṣebíkan wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà, Kábíyèsí."

"N kò lè sọ̀. Orúnkún mi ti há."

Kò sí ẹlòmíràn láàfin. Láṣebíkan ló gun igi náà dé ìdajì, ó gbé ọba lé èjìká, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún àwọn méjèèjì sì ń dún. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀, ọba mí, ó ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ń lé ọ?"

Odindi oṣù méjì àbọ̀ ni Láṣebíkan fi ń dáhùn pé kò sí nǹkan. Ó ti sú u. "Ọjọ́ orí ni, Kábíyèsí. Ó ti ń lé mi bọ̀ tipẹ́. Mo ní kí n sáré díẹ̀ ná, kó má baà tètè bá mi."

Ọba wo agbádá rẹ̀ tí ẹ̀ka igi ti ya. Ó ní, "Ó ń lé èmi náà."

Nígbà tí ìlú rí i pé kò sí ogun, wọ́n padà wá kún àgbàlá, Ayílárá wà nínú wọn, láìsí agbádá lọ́rùn. Gbogbo wọn ń pariwo pé kí Ọ̀tún sọ ohun tó lé e, àbí kó san ìtanràn. Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Láṣebíkan ni Ọ̀tún mi títí lọ. Ẹ má bi í mọ́. Nǹkan ń lé e lóòótọ́."

Ayílárá ní, "Kí ni nǹkan ọ̀hún, Kábíyèsí?"

Ọba wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Fara balẹ̀. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbà méjì ló ń sáré lọ́nà odò, ọ̀kan nínú wọn sì dé fìlà ọba. Ìyàwó tuntun kan fẹ́ ju ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ kó wọgbó. Ìyá ọkọ rẹ̀ dì í lápá mú. Ó ní, "Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n rọ́nà kọjá. Àgbàlagbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."