Omi Tí Àwẹ̀ró Dá Gbé Karí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi níbí. Ìwọ, yé jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró ló fà á.

Lódò, bí obìnrin bá pọnmi tán, á ní, "Ẹ gbé e rù mí," ẹni tó wà nítòsí á bá a gbé e. Ẹni tó bá ọ gbẹ́rù lónìí, lọ́la ẹ ó máa kíra yín, kó tó pẹ́ ẹ ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe Àwẹ̀ró, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún ni. Kò síbi tí kì í dun obìnrin yìí, àfi ẹnu.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna máa wá tọrọ Oyèbọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, omi tán nílé. Ó sáré dé odò, ó pọnmi kún ìkòkò ńlá, ó ní kí wọ́n gbé e rù òun. Ìbídùn, aládùúgbò rẹ̀, ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àwọn yòókù ní orúnkún ni.

Àwẹ̀ró da omi nù, ó gbé ìkòkò òfìfo karí, ó wọ inú odò, ó wá ń fi igbá bu omi sí i lórí títí ó fi kún. Ó yan lọ sílé.

Ilé ló dé kó tó rántí pé bí wọ́n ṣe ń báni gbẹ́rù náà ni wọ́n ń báni sọ̀ ọ́. Òun àti Oyèbọ́lá nìkan ló ń gbélé, ìyàwó ò sì gbọdọ̀ jáde ní yàrá kí wọ́n tó pè é, àwọn àna sì ti dé sí àgbàlá, wọ́n ti sọ iṣu ìtọrọ kalẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sọ ẹrù. Ojú tì í láti sọ pé òun ò ní ẹni tí òun lè pè.

Ó ní, "Bí a ṣe ń kí àna ní agbo ilé wa nìyí. Ẹrù kì í kúrò lórí."

Àna tó mọ̀wà á hù ni wọ́n. Wọ́n bá ara wọn gbé iṣu padà sórí, wọ́n dúró tì í. Wọn ò jẹ́ sọ̀ kí ìyá ìyàwó tó sọ̀. Àwẹ̀ró náà ò jẹ́ jẹ́wọ́. Ilẹ̀ ṣú, oúnjẹ ò sí, gbogbo wọn wà lórí ìdúró. Bí Àwẹ̀ró bá sín, omi á ta sí àna lójú, àna á ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá."

Nígbà tí àkùkọ kọ, ọrùn Àwẹ̀ró ti wọ èjìká. Ó ké sí ẹ̀yìn ògiri: "Ìbídùn, dákun, wá bá mi sọ̀ ọ́."

Ìbídùn kúkú wá. Ó bá a sọ ìkòkò náà, ó ní ẹ̀yìn òun ti san.

Ẹ̀yin lè ní, "Màmá, ó ṣáà dá gbé e dórí." Ẹrù tí kò ṣeé sọ̀, ṣé ó wà lórí èèyàn ni, àbí èèyàn ló wà lábẹ́ ẹ̀?

Àgbà àwọn àna wo Àwẹ̀ró, ó wo Ìbídùn, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín wù wá. Ẹ kọ́kọ́ lọ wá aládùúgbò ní, a ó padà wá."

Iṣu ṣáà ti wà lórí wọn. Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ bọ̀, wọ́n kọrí sọ́nà ilé wọn tiṣu-tiṣu, òwe yìí sì ni wọ́n ń pa lọ: ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.