Baba Wolé-wolé Ṣọ̀fọ̀ Ẹ̀rọ Omi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń wí pé, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ṣé ẹ ti bi wọ́n rí pé ta ló kọ́kọ́ sunkún tí kò ríran? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Baba Adégbìtẹ́ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo Òkè-Ọ̀dàn fi ń pè é ní Baba Wolé-wolé. Nígbà tí ẹ̀rọ omi àdúgbò dákẹ́, tí káńsù ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tí àwọn tí orúnkún ń dun ń ru omi odò gun òkè, òun ló ní kí àwọn àgbà wọ́de. Wọn yóò di ẹnu ẹ̀rọ náà sínú aṣọ funfun, wọn yóò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ níwájú ọ́fíìsì alága.

"Ẹ fi ẹkún yẹn lé mi lọ́wọ́," ó ní. "Ẹkún ojú ṣíṣí, ẹkún ẹ̀tàn ni. Tí mo bá ti dijú, n ò ní là á àfi tí alága bá jáde wá bẹ̀ mí."

Ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. "Baba Abíọ́nà, ẹ jà fún omi o, mo wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n gbodo tí mo sá sórí àpáta ńkọ́? Òun la máa fi ṣe èlùbọ́ títí iṣu tuntun á fi jáde. Ẹ ṣáà mọ àwọn ewúrẹ́ àdúgbò yìí."

"Ewúrẹ́ ni yóò wá kọ́ mi lọ́gbọ́n? Mo máa jà, mo máa ṣọ́ gbodo."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n. Baba kó gbogbo gbodo sí agbọ̀n, ó rù ú lọ sí káńsù, ó sì sá a sórí sìmẹ́ńtì gbalasa tó wà níwájú ọ́fíìsì.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní, "Baba, a kì í sá iṣu síbí."

"A kì í pa ẹ̀rọ omi náà. Ẹ kọ́kọ́ jí tiwa dìde."

Ẹ̀ṣọ́ yà lọ́nà fún un.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ òkú ẹ̀rọ sílẹ̀ báyìí, Baba dijú, ó figbe ta: "Ẹ̀rọ o! O lọ, o ò dágbére!" Àwọn yòókù ń gbè é. Kò pẹ́ ni Màmá Tinúadé, tíṣà àtijọ́, rí mọ́tò alága tó ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

"Baba Wolé-wolé, ẹ dìde! Alága ń sá lọ!"

Baba rò pé wọ́n fẹ́ dán òun wò ni. Ńṣe ló tún ojú dì. Àwọn tó kù sáré tẹ̀ lé mọ́tò, bí orúnkún ṣe gbà wọ́n láyè tó. Ẹ̀ṣọ́ náà fi géètì sílẹ̀ gbayawu, ó lọ wòran.

Ibẹ̀ wá dákẹ́. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kúrú-kúrú.

"Ẹ ò tijú! Ẹ̀pà lẹ̀ ń jẹ níbi òkú?"

Kúrú-kúrú ò dáwọ́ dúró. Ẹnì kan tún mí fùù sí i lọ́rùn, òórùn kan sì ta sí i nímú. Inú Baba dùn. Alága ti jáde.

"Alága, ṣé ẹ rí i báyìí? Bí ẹ ṣe ń rùn yìí, ó dájú pé omi ò sí nílé tiyín náà." Ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ ba irùngbọ̀n, ó dì í mú. "N ò ní jù ú sílẹ̀ àfi tí ẹ bá ṣèlérí."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni Alága wí.

"Ẹ má fi òyìnbó dá mi lóhùn!"

Ohùn Màmá Tinúadé ló já a gbà. "Baba, a ti dínà mọ́ alága lójú títì o! Ó ti búra pé àwọn tó máa tún ẹ̀rọ ṣe ń bọ̀. Ta wá lẹ̀ ń bá jà níbí?"

Baba lajú. Òbúkọ ló dì mú. Agbo ewúrẹ́ ti jẹ gbodo tán, wọ́n ń lá sìmẹ́ńtì.

Ìyá Abíọ́nà dé, kò bá a jà. Ó kàn tọrọ iṣu lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Àwọn àgbà sì mọ̀ pé ìbúra alága ò lè pọn omi, nítorí náà gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń padà lọ ṣọ̀fọ̀, títí omi fi yọ. Àwọn kan ń pa ẹ̀gúsí, àwọn kan ń lẹ aṣọ. Baba ń bẹ iṣu, omi ń dà lójú rẹ̀, ojú náà sì là rekete.

Ẹ̀ṣọ́ bi í pé, "Baba, kí lẹ̀ ń wò bẹ́ẹ̀?"

Baba fa agbọ̀n mọ́ ìdí. "Ọmọ mi, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."