Ọjọ́ Tí Mo Fi Ahọ́n Mi Dá Tagliatelle Lẹ́jọ́

Bí ẹ bá dé Bologna ní Ítálì, ẹ béèrè Anselmo. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀ mí, àlejò ni. Èmi ni Ahọ́n-Góòlù, Atọ́bẹ̀wò-Mọ-Ẹni-Tó-Sè-É. Mi ò lọ yunifásítì. Yunifásítì ni kò fẹ̀ tó mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù kí n gbà láyé: ìborùn pupa tí àwọn adájọ́ ń wọ̀ níbi ìdíje àwọn tó ń fọwọ́ tẹ́ ìyẹ̀fun ní àdúgbò wa. Iole, tó ni ilé oúnjẹ ẹ̀yìn ọjà, ló ń yan adájọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kí i bí ẹni ń kí bíṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí àna mi Ottavio wá láti Torino lọ́jọ́ Àìkú kan, mo mọ̀ pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún mi. N ó mú un rin ìlú, n ó sì mú un jẹun lọ́dọ̀ Iole, kí Iole fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe ń dá oúnjẹ lẹ́jọ́. Ermelina ìyàwó mi ní orúnkún ń dun òun, òun ò lè rìn. Fiammetta ọmọ-ọmọ wa ló tẹ̀ lé wa.

Ní gbàgede ńlá, mo nàka sí ère òrìṣà òkun. "Àna mi, ẹ wo itan yẹn. Itan baba ńlá mi ni wọ́n wò ṣe é."

Fiammetta ní, "Bàbá àgbà, ère yẹn ti lé ní irinwó ọdún."

"Ìdílé wa kì í tètè kú."

Nídìí ilé gogoro tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní baba mi ló fara tì í nígbà tó ń so okùn bàtà. Ottavio kàn ń mi orí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń rìn bí ẹni tó kó ẹyin sápò.

Lábẹ́ ààfin àtijọ́, igun méjì wà tó dojú kọ ara wọn. Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ògiri ní ìhín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á gbọ́ ọ ketekete. Fiammetta sáré lọ sí igun kejì. Ohùn rẹ̀ gba inú òkúta wá:

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú oúnjẹ Iole lónìí. Ẹ má bi mí ní ìdí ẹ̀. Ẹ ṣáà jẹun kẹ́ ẹ dákẹ́."

"Kí ló wí?" Ottavio béèrè.

"Ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n."

Ilé oúnjẹ kún fọ́fọ́. Tagliatelle dé, ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọbẹ̀ ẹran lórí rẹ̀. Mo fi fọ́ọ̀kì gbé ẹyọ kan sókè sójú fèrèsé, bí dókítà tó ń wo fọ́tò egungun. Mo gbóhùn sókè.

"Àna mi, ẹ má jẹ ẹ́! Ẹ̀rọ ló tẹ́ ìyẹ̀fun yìí. Ó ń dán bí orí mi. Ọwọ́ ènìyàn ò kàn án rí!"

Gbogbo fọ́ọ̀kì dúró. Iole gbé ìgò wáìnì kalẹ̀. "Anselmo, ṣé ó dá yín lójú?"

"Láti àádọ́ta ọdún ni mo ti ń jẹ tagliatelle ìyàwó mi, kí n wá má mọ iṣẹ́ ọwọ́? Bí mo bá ṣì í, kí n má fi ìborùn pupa kan ọrùn láé!"

Fiammetta fi aṣọ ìnuwọ́ bojú.

Iole kọjú sí ilé ìdáná. "Ermelina! Ẹ jáde wá o, ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè yín!"

Ìyàwó mi jáde, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, igi ìtẹ́yẹ̀fun gbọọrọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń tẹ́ ìyẹ̀fun fún Iole ló ṣubú dá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ermelina ti wà nídìí tábìlì láti ìgbà tí a ti jáde nílé, kí àna wa lè bá a níbẹ̀ lójijì. Orúnkún ọ̀hún ti sàn.

"Ẹ̀rọ wo, Anselmo? Èyí tó ń fọ ṣòkòtò rẹ, àbí èyí tó ń lọ̀ ọ́?"

"Olólùfẹ́ mi, mò ń dán Ottavio wò ni."

"Wá dán igi yìí náà wò."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ottavio, tí àwo rẹ̀ ti mọ́ féfé, la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti jókòó: "Màmá, ṣé ó ṣì kù?"

Iole já ìborùn pupa kúrò lára ìṣó, ó so ó mọ́ Ottavio lọ́rùn.

Lọ́jọ́ ìdíje, Ottavio wọ ọkọ̀ ojú irin wá jókòó sórí àga adájọ́. Èmi náà rí ipò gbà: mo fọ abọ́ igba ó lé mẹ́rìnlá. Wọn ò tí ì fọ abọ́ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Ítálì.

Nílé, tagliatelle inú páálí ni Ermelina ń sè fún mi báyìí. Ó ní ẹ̀rọ ti lọ ìsinmi. Á dúró tì mí, igi lọ́wọ́: "Báwo ló ṣe rí?"

Mo gbé e mì. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni," mo ní. "Mo lè dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún."