Ọjọ́ Tí Mo Bá Ìyá Mi Jà Nídìí Sàréè

Ọ̀sán Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi kú. Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà náà. Kàdúná ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà tí ìyá mi ṣàìsàn ní Ọ̀fà, ó sì ní kí wọ́n má sọ fún mi. Ikú rẹ̀ ni mo gbọ́; kí rélùwéè sì tó gbé mi délé, wọ́n ti sin ín sẹ́yìnkùlé.

Mo gba tíránsífà wálé, ṣùgbọ́n ayé ti sú mi. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun. Mo lè dúró níwájú bọ́ọ̀dù kí n má rántí ohun tí mo fẹ́ kọ. Ìyàwó mi wá ń ṣọ́ mi bí ẹní ń ṣọ́ ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná.

Ni dókítà kan bá wá bá àwa tíṣà sọ̀rọ̀ ní Sátidé ọjọ́ náà lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó ní àwọn oníṣègùn ọkàn gbà pé ìbínú tí èèyàn ní sí ẹni tó fi í sílẹ̀, bó bá gbé e mì, ìbínú náà ni yóò máa jẹ ẹ́ nínú. Ó ní ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní Japáànì sọ pé lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn a máa retí kí wọ́n kẹ́ òun bí ọmọ ọwọ́ láìbéèrè. Bí ìkẹ́ ọ̀hún ò bá wá, kò ní bínú síta, ara rẹ̀ ni yóò dojú ìjà kọ. Mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Àbí Japáànì ni wọ́n ti bí mi ni?"

Èmi ọ̀mọ̀wé ò dúró béèrè oògùn rẹ̀. Mo délé, mo bọ́ sídìí sàréè, mo figbe ta. "Ẹ ṣe mí níkà, Mámà! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa dá ìrora jẹ? Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n tọ́jú yín!"

Ìyàwó mi rò pé orí mi ti dàrú, ó sáré lọ pe baálé. Gbogbo agboolé tú jáde. Kátíkíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Ẹnì kan mú okùn ewúrẹ́ dání, ó ń wo ọrùn ọwọ́ mi. Mo ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn ará Japáànì fún wọn. Ìyẹn ló wá fìdí wèrè mi múlẹ̀.

Baálé ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná." Ó fa àpótí, ó jókòó. "Kí ni ìyá rẹ fi ṣe ọ́?"

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mirí.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìyá rẹ ò lè sọ tiẹ̀ mọ́, n ó bá a sọ ọ́. Bí ibà bá ti gbé e, orúkọ rẹ ló ń pè. Bó bá rọlẹ̀, á tún ní ká má ránṣẹ́, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àwa la sì gbà fún un." Bàbá tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún ṣí fìlà lórí. "Àwa la jẹ̀bi, ọmọ mi. Dákun, má bínú."

Mo sunkún débi pé ẹni tó mú okùn dání jù ú nù, ó gbá mi mọ́ra. Ìbànújẹ́ náà ò lọ o. Ńṣe ló wúwo sí i, torí n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá mi ń pè mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ bá òkú jà, kó kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Èmi ni mo jàre lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ì bá wù mí kí n jẹ̀bi, kí ìyá mi wà níbẹ̀ kó bá mi wí.