Apollus Afẹnupẹran

Ẹ bá mi kí Apollus. Ẹ má kí i lóòró o. Ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, nítorí ọkùnrin náà ga ju ara rẹ̀ lọ. Apollus ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọkọ Tabita, bàbá Pipaluk. Apollus Afẹnupẹran, a-pa-béárì-lójú-oorun, ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kò tàsé rí, torí ìbọn ọ̀hún kì í sábà dún.

Ní Sioralik, ìlú kékeré kan létí òkun tútù, níbi tí òkè yìnyín ti ń rìn gbéregbère kọjá lẹ́yìnkùlé ènìyàn bí ewúrẹ́ tó já okùn, kò sí oyè tó dùn mọ́ ọkùnrin bíi kí wọ́n pè é ní ọdẹ. Ìyẹn kò tó Apollus. Olúọdẹ ni ojú rẹ̀ wà lára. Olúọdẹ àtijọ́ ti dàgbà, ó ti gbé oyè sílẹ̀, ẹgbẹ́ sì fẹ́ yan òmíràn ní ọjọ́ Àìkú. Olúọdẹ ló ń sọ ibi tí kálukú yóò ti ṣọdẹ. Òun náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu kọfí fún níbi àsè. Apollus ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí náà kó tó dé iwájú rẹ̀.

Ìṣòro kan ló kù: wọn kì í fi ẹni tí kò pa ẹran jẹ Olúọdẹ.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Enok ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Enok ní ọkọ̀ ojú omi, ó sì ní sùúrù. Kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí o bá sọ fún un pé yìnyín gbóná, á ní kó o rọra kó má jó ọ lọ́wọ́.

"Enok, ìgbà wo lẹ ń lọ sọ́dẹ?"

"Lọ́la. Èmi àti Sakeus."

"Mo ń bá yín lọ. Ẹ nílò ẹni tó mọṣẹ́."

Sakeus tó ń pọ́n ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wúkọ́. Ikọ́ náà pẹ́ kó tó tán.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tukọ̀ wọ inú omi tóóró tó gba àárín àwọn òkè kọjá. Apollus wọ ṣòkòtò tuntun tí wọ́n fi awọ séàlì, ẹran inú òkun, rán, tí kò jẹ́ kó lè tẹ̀, ó gbé ìbọn tó ń kọ mànà, ó sì fi awò tí ọdẹ fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbé dání ni ọwọ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ta àgọ́, ó ń fi awò wo àgọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu odò láti pẹja, Enok àti Sakeus ń fa ẹja aláyà pupa jáde léraléra, ìwọ̀ Apollus nìkan ni kò mi.

"Ẹja ibí kò lọ́gbọ́n," ó wí. "Wọn ò mọ ẹni tó ń pè wọ́n."

"Bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n," ni Sakeus fèsì.

Nígbà tó di pé kí wọ́n gun òkè tọ àgbọ̀nrín lọ, orúnkún Apollus bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Orúnkún òṣì! Kò ro ó nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Ẹ máa lọ," ó wí, "n ó máa ṣọ́ àgọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibí kì í ṣe ẹran eré." Kí wọ́n tó gun ìdajì òkè, Enok ti ń gbọ́ híhanrun rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Wọ́n bá akọ àgbọ̀nrín kan tí ìwo rẹ̀ gbòòrò bí ẹ̀ka igi. Sakeus dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta, ó dá èémí dúró, ó yìn ín. Ẹran náà kúnlẹ̀, ó sì ṣubú. Wọ́n ti ń kí ara wọn kú oríire kí ìbọn kejì tó dún nísàlẹ̀, nítòsí àgọ́. Ìró ìbọn ti jí Apollus, òun náà sì ti yin tirẹ̀ sójú sánmà. Orí ló kó àwọn ẹyẹ òkun yọ.

Bí wọ́n ṣe ru ẹran sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òógùn, Apollus na ọwọ́ méjèèjì pàdé wọn.

"Ẹ rí i bí mo ṣe gbé e ṣubú?"

"Ìwọ kẹ̀?" Sakeus sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ìró ìbọn mélòó lẹ gbọ́?"

"Méjì. Àmọ́ ẹran ti kú kí ìkejì tó dún."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ọta tèmi yá ju ìró rẹ̀ lọ."

Sakeus wo Enok. Enok wo omi. Ọ̀nà ilé jìn, ọkọ̀ sì kéré fún ìjà. "Ó dáa," ni Enok wí, "tìrẹ ni." Àmọ́ nǹkan kan há a láyà bí egungun ẹja, kò sì lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ yọ sí ojú òkun gbalasa, níbi tí rédíò ọkọ̀ ti lè bá ilé sọ̀rọ̀, Apollus já gbohùngbohùn gbà. Ní Sioralik, kò sí ilé ìdáná tí irú rédíò bẹ́ẹ̀ kò sí, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀ láti òkun àti ẹni tí epo tán mọ́ lọ́wọ́.

"Sioralik! Sioralik! Apollus nìyí! Ẹ gbé omi kọfí kaná! Mo ti pa bàbá àgbọ̀nrín! Ọta kan péré, láti orí òkè kan dé orí òkè kejì!"

Ariwo sọ nínú rédíò. Ohùn Ìyá àgbà Bebiane, tó dàgbà jù nílùú, ló borí ti gbogbo wọn: "Káre, ọmọ mi! Má gbàgbé mi o!"

"Ẹran ẹ̀yìn tó rọ̀ jù, tiyín ni, Ìyá!"

Ó ju gbohùngbohùn sórí ìjókòó. Ó wá fa àpò kan jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹran ẹ̀yìn rírọ̀ náà àti ahọ́n, tó ti yọ́ gé pamọ́ nígbà tí àwọn yòókù ń tú àgọ́. Ó gbé àpò lé orí ìjókòó, ó sì jókòó lé e kí ojú má baà tó o.

Ẹ̀yin náà mọ gbohùngbohùn ọkọ̀, ẹ mọ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò máa gbọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀, òun kò sì ní gbọ́ ẹnikẹ́ni. Àpò ẹran tẹ bọ́tìnnì. Ìdí Apollus tẹ àpò ẹran.

Iná pupa kékeré tàn lójú rédíò. Enok tó ń tukọ̀ rí i. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó sì tún pa á dé. Lóòótọ́, kì í bá ènìyàn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í ṣe iyàn.

Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù kí ohùn lè já gaara. "Apollus," ó pè é jẹ́jẹ́, "ẹran tó o jókòó lé yẹn, ṣebí ti Ìyá àgbà ni?"

"Bebiane? Kí ni arúgbó tí kò léyín fẹ́ fi ẹran rírọ̀ ṣe? Ẹ fún un ní pátákò, kó máa fà á mu bí ọmọ ọwọ́ títí Kérésìmesì."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ará ìlú tó kù ńkọ́?"

"Ọrùn àti egungun ìhà. Ṣé o ò mọ ará Sioralik ni? Fún wọn légungun, wọ́n á dìbò fún ọ. Fún wọn lẹ́ran, wọ́n á ní kó o fi iyọ̀ sí i."

"Olùkọ́ ìjọ ńkọ́? Ó ní òun á kọrin fún ọ lọ́jọ́ ìyànsípò."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹni tó ń kọrin bíi séàlì tí yìnyín há nírù?"

Sakeus ti rí iná pupa náà báyìí. Ó fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Tabita ni mo rò pé o gbé e pamọ́ fún," ni Enok tún wí.

"Tabita! Ẹran yòówù kó dùn, bí Tabita bá sè é tán, ọ̀dà ọkọ̀ ló ń dà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni n ó ti dáná tèmi."

"Sakeus tó yìnbọn ńkọ́?"

Apollus rẹ́rìn-ín títí tí àpò fi ń dún lábẹ́ rẹ̀. "Sakeus yìnbọn, èmi sọ̀rọ̀. Nílé ayé yìí, Enok, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló pa ẹran."

Nígbà tí wọ́n dé èbúté, gbogbo Sioralik ló dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Rédíò alágbèéká wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bí ìwé orin. Apollus rò pé ọ̀wọ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kò dìde, nítorí àpò. Ó jókòó bí ọba, ó wú àyà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!"

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni gbogbo rédíò èbúté wí.

Apollus wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ń sín mi jẹ?"

"Ta ló ń sín mi jẹ?" ni rédíò wí.

"Mo ní ta ni!"

"Mo ní ta ni!"

Tabita sún mọ́ etí omi. Obìnrin náà kò gbóhùn sókè. "Bàbá Pipaluk," ó wí, "ẹ dìde lórí rédíò."

Apollus dìde. Àpò yí ṣubú, ahọ́n àgbọ̀nrín yọ jáde gbọọrọ sójú gbogbo ayé. Iná pupa kú. Àwọn rédíò dákẹ́. Apollus náà dákẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un.

"Enok," ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "o mọ̀?"

"O ní ẹja ibí kò mọ ẹni tó ń pè wọ́n," ni Enok fèsì. "Ará ilé mọ̀ ọ́."

"Sakeus," ni olùkọ́ ìjọ pè láti èbúté, "sọ̀ kalẹ̀ wá. Kí ẹni tó pa ẹran wá pín ẹran."

Sakeus pín in, ó bẹ̀rẹ̀ látorí àpò. Ó gé ẹran ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá àgbà Bebiane. Ìyá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́ ẹran tútù náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Gbogbo èbúté dúró. Èrìgì ń lọ sókè, èrìgì ń bọ̀ nísàlẹ̀, ìyá kò kánjú. Ó gbé e mì.

"Ó rọ̀," ó wí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ṣa pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó sì kó wọn lé Apollus lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi. Ìwọ lo léyín."

Apollus kó pátákò mọ́ àyà, ó ń gun àtẹ̀gùn onígi tó lọ sílé rẹ̀. Ṣòkòtò awọ séàlì kò jẹ́ kó lè sáré. Wọ́n ní sùúrù fún un títí ó fi dé òkè pátápátá, tó wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni Enok tó jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹ̀rín sì gbé òun àti gbogbo Sioralik lọ.