Agbálẹ̀ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bàbá Onílé ń fi ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ Sátidé kan ni ohùn Tíṣà, obìnrin tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, gba ojú fèrèsé bọ́ sí i létí. Tíṣà wà lórí fóònù. Ó pẹ́ tí etí òsì bàbá ti ń ṣọ̀lẹ, etí òsì yìí gan-an ló sì kọjú sí fèrèsé.

"Ó ti wọn gbogbo ilé, ọ̀rẹ́ mi!" Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. "Kò sí ògiri tí kò mọ̀. Ní báyìí, ó ti ń gbálẹ̀!"

Àyà bàbá já. Ilé tó fi ogún ọdún kọ́, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn! Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà.

"Tíṣà! Ta ló ń gbalẹ̀ mi?"

"Ẹ káàárọ̀, bàbá." Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn, bàbá wọlé. "Kò sẹ́ni tó ń gbalẹ̀ yín. Ó ń gbálẹ̀ ni."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn!"

"Rárá o. Gbá ni, kì í ṣe gbà. Ẹ gbé ohùn yín sókè díẹ̀."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó pariwo títí gíláàsì fèrèsé fi gbọ̀n: "Ó Ń GBALẸ̀ MI!"

Tíṣà fi ọwọ́ di etí.

"Ta ló pè é wá?"

"Èmi ni. Mo rà á lánàá."

"O ra èèyàn?"

"Kì í ṣe èèyàn, bàbá. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀."

"Kò lówó? Àwọn tí kò lówó gan-an ló ń gbalẹ̀ onílẹ̀! Níbo ló wà?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Bàbá bo ẹnu. "Láàárọ̀ kùtù báyìí?"

"Ó fẹ́ràn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ebi ti ń pa á, ó máa tó jáde wá jẹ iná."

"Ó ń jẹ iná!" Bàbá sún sẹ́yìn, ó di ọ̀pá mú bí ìbọn. "Kó ẹrù ẹ! Ìwọ àti ajẹná ẹ, ẹ jáde nílé mi lónìí!"

Tíṣà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ibo ni mo ti máa rí yàrá míì tó sún mọ́ ilé-ìwé mi? Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

Kí bàbá tó dáhùn, nǹkan kan ń kùn bọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ jáde, róbótó bí ọmọrí ìkòkò, iná búlúù kan ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Ó kọjú sí bàbá tààrà. Bàbá fò, ó di orí àga.

"Mú un! Mú un!"

"Ẹ̀rọ ni, bàbá. Iná mànàmáná ló ń jẹ." Tíṣà fa ìgbálẹ̀ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Iṣẹ́ eléyìí ló ń ṣe."

Bàbá wo ìgbálẹ̀, ó wo ẹ̀rọ. "Gbá... gbálẹ̀?"

"Ohùn yẹn gan-an ni!" Tíṣà pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó wà ní kíláàsì.

Bàbá na ọ̀pá sílẹ̀ látorí àga. Ẹ̀rọ dé ìdí ọ̀pá, ó dúró, ó yà bàrá.

"Háà! Ó yà fún mi! Ó mọ àgbà!"

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, bàbá."

"Wo bó ṣe dọ̀bálẹ̀! Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kì í pẹ́ nílẹ̀ tó yẹn."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ bisikíìtì lápò, ó rún un sílẹ̀. Ẹ̀rọ gbé e mì káló. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó rún òmíràn. Kò pẹ́ tó fi ń rá tẹ̀lé e káàkiri yàrá. Fìlà já bọ́, kò bìkítà.

"Yà sọ́tùn-ún! Ó ku díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ mi!"

Nígbà tí iná tán nínú ẹ̀rọ, Tíṣà ṣí ikùn rẹ̀, ó da ohun tó kó jọ sórí bébà: irun, àfọ́kù ṣọ́ọ̀kì, èèpo ẹ̀pà. Òkìtì ńlá.

"Ta ló da gbogbo eléyìí sílẹ̀?"

"Èmi ni, bàbá," Tíṣà fèsì, ojú ń tì í.

"Òun ńkọ́?"

"Òun kì í da nǹkan kan sílẹ̀."

"Ṣé ó máa ń gbàlejò?"

"Kì í gbàlejò, bàbá."

Bàbá gbé ẹ̀rọ náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Ọ̀rọ̀ tán. Òun kó dúró. Ìwọ, Tíṣà, kó ẹrù ẹ."